Ọgbà aláró àti ahunṣọ: báwo la ṣe lè jọ ní ilẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò ní lè tà mọ́ wa lórí?

Aláró Òkè-Baálẹ̀ kọ pé:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo gbé wá. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe rí gan-an kí ìmọ̀ràn yín lè bá a mu.

Aláró ni mí. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ni mo ti kọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, mo wá fi alábẹ́là kún un nígbà tí mo dá dúró. Àwa mọ́kànlá la wà nínú ọgbà kan l'Óṣogbo níbí: aláró mẹ́fà, ahunṣọ òfì mẹ́ta, agbẹ́gilére kan, àti ọkùnrin kan tó ń fín igbá. Bàbá tó gbà wá sí ọgbà náà ti di olóògbé. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa kò tó nǹkan, ojúure ni wọ́n fi gbà wá, nígbà tí wọ́n sì lọ, ojúure náà bá wọn lọ. Àwọn ọmọ wọn ti ta ọgbà náà. Ẹni tó rà á fẹ́ kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì síbẹ̀, wọ́n sì ti ní kí á kó jáde kí ọdún yìí tó parí. Dúkìá bàbá wọn ni, a ò lè bá wọn jà sí i.

Iṣẹ́ wa yàtọ̀ sí iṣẹ́ télọ̀ tó lè gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mìíràn lọ́jọ́ kan náà. Ìkòkò aró wà níbẹ̀, ìkòkò tí a dá ihò sí nídìí tí a fi ń sẹ́ omi eérú wà níbẹ̀, ààrò tí a ti ń yọ́ àbẹ́là, kànga, àti okùn tí a ń sá aṣọ sí láti ògiri kan dé èkejì. Ẹni tó bá ti rí ahunṣọ òfì lẹ́nu iṣẹ́ yóò mọ̀ pé ṣe ló máa ń na òwú síwájú gbọọrọ, tí yóò so ìpẹ̀kun rẹ̀ mọ́ ohun wúwo kan, kí òwú náà lè máa wọ́ bọ̀ wá bá a díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń hun ún. Ṣọ́ọ̀bù wo ló gba ìyẹn? Agbẹ́gilére wa náà ń fẹ́ ibi tí yóò to ìtì igi sí tí yóò fi gbẹ, tí kò sì ní sẹ́ni tí ariwo àáké yóò ta jí.

A ti wá ibi tí a lè háyà káàkiri ìlú. Bí onílé bá ti gbọ́ pé aró ni, yóò ní òórùn rẹ̀ kò ní jẹ́ kí àwọn ayálégbé òun yòókù sinmi, tàbí kó bi wá níbi tí a máa da omi rẹ̀ sí. Ìbéèrè gidi ni ti omi yẹn o, nítorí kọ́sítíìkì tó wà nínú omi aró òde òní kò ṣeé dà sí gọ́tà iwájú ilé ẹnikẹ́ni. Àwọn tó sì gbà láti fún wa ń béèrè owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú owó àgírímẹ́ǹtì àti owó éjẹ́ǹtì. Nínú wa, kò sí ẹni tí àdìrẹ tó ń tà lè san ìyẹn kó sì tún rí owó ra àbẹ́là.

Ọ̀nà kan ti wá yọjú. Ẹbí bàbá ọ̀kan nínú wa ní ilẹ̀ lọ́nà Ìkìrun. Òun ni àgbà gbogbo wa, àwọn ẹbí rẹ̀ sì máa ń gbọ́ tirẹ̀. Olórí ẹbí ní àwọn lè yọ̀ǹda pulọ́ọ̀tì mẹ́rin fún wa. Ṣùgbọ́n ẹnu wọn ò kò. Àwọn kan ní kí á máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, àwọn kan ní kí wọ́n fi ta wá lọ́rẹ, àwọn ọ̀dọ́ inú wọn sì ní kí á rà á bí gbogbo ayé ṣe ń rà á. Ẹnu tiwa náà ò kò. Àwọn márùn-ún fẹ́ kí á pín in, kí oníkálukú gba rìsíìtì tirẹ̀ sápò.

Èmi ò fara mọ́ pípín. Bí a bá pín in, ẹni tí owó ilé-ìwé ọmọ tàbí owó ọsibítù bá kọ́kọ́ ká mọ́ yóò ta tirẹ̀, ẹnu mi ò sì ní gbà á láti bá a wí, nítorí ọmọ ju ilẹ̀ lọ. Ẹni tó máa rà á kò ní jẹ́ aláró. Yóò kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀, òun náà ni yóò sì kọ́kọ́ lọ fẹjọ́ òórùn aró sùn ní ìjọba ìbílẹ̀. Ọgbà wa ti tú nìyẹn.

Igbó Ọ̀ṣun ni mò ń rò lọ́jọ́ gbogbo. Hẹ́kítà 75 ni. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n ti ń gé igi rẹ̀, àwọn tó ń fojú sí ilẹ̀ náà sì ti sún mọ́ tòsí. Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, ayàwòrán ará Austria, pẹ̀lú àwọn birikilà, àwọn agbẹ́gilére àti àwọn olórìṣà ìlú yìí bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ère àti ojúbọ síbẹ̀; Adébísí Àkànjí tó jẹ́ birikilà wà nínú wọn. Ní 1965, ìjọba kéde apá kan igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, ní 1992 wọ́n kéde gbogbo rẹ̀, UNESCO sì gbà á wọlé ní 2005. Lónìí ẹ lè gba ibẹ̀ kọjá kí ẹ rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn yẹn níbi tí wọ́n mọ ọ́n sí, nítorí kò sẹ́ni tó lè dìde kó ní pulọ́ọ̀tì tòun nìyí. Irú ààbò yẹn ni mo ń wá fún ọgbà iṣẹ́ wa.

Ìbéèrè mi rèé. Orúkọ ta ni kí á fi sínú ìwé ilẹ̀ náà? Nínú ọrẹ, ìṣákọ́lẹ̀ àti rírà, èwo ló dáa jù? Àwọn ilé ìfowópamọ́ kékeré kan ti sọ fún wa pé bí a bá lè kó ìwé ilẹ̀ wá fi dúró, àwọn yóò yá wa lówó tí a máa fi kọ́ ìta iṣẹ́, ìyẹn ibi tí a ó ti máa ṣiṣẹ́, àti ibi ìsẹ́ omi aró: ṣé kí á gbà? Bí ẹnì kan bá kú nínú wa ńkọ́, tàbí tó kó lọ sí Èkó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí tàbí tó mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ dá wa lóhùn.

Lọ́yà Dúgbẹ̀ kọ pé:

Màmá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Lọ́yà ni mí n'Íbàdàn, ẹjọ́ ilẹ̀ ni mo sì ń ṣe jù. Ẹ ṣì máa nílò lọ́yà tí yóò fojú rí àwọn ìwé yín l'Óṣogbo, ṣùgbọ́n màá sọ ohun tí màá sọ fún ìyá mi bí òun ló bá béèrè.

Ẹ má pín in. Ohun tí ẹ ń wá kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá rárá. Ní 1921, nígbà tí ẹjọ́ Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa ti Èkó, lórí ilẹ̀ Àpápá dé iwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, tí Herbert Macaulay sì bá a lọ síbẹ̀, àwọn adájọ́ ọ̀hún gbà pé lọ́dọ̀ tiwa, àwùjọ, abúlé tàbí ẹbí ló ni ilẹ̀, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Ìjọba tó ti fẹ́ fojú kéré ẹ̀tọ́ wọn ló padà san £22,500. Mo máa ń rán àwọn oníbàárà mi létí ẹjọ́ yìí, nítorí ọ̀pọ̀ ti gbàgbọ́ pé ilẹ̀ tí kò bá ní orúkọ ẹnì kan lórí kò ní olúwa.

Ohun tó yí nǹkan padà ni Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978. Òfin yẹn fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ ìtọ́jú gómìnà, ìwé C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ìlò ilẹ̀, tí à ń gbà lọ́wọ́ ìjọba kò sì kọjá ẹ̀tọ́ láti lò ó fún ọdún 99. Bí ìjọba bá fẹ́ gba ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, owó ohun tí ẹ kọ́ sórí rẹ̀ àti ohun tí ẹ gbìn síbẹ̀ ni wọ́n máa san, wọn kì í san owó ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, láti ọjọ́ tí ẹ bá ti da bíríkì àkọ́kọ́ sílẹ̀, ẹ máa ya fọ́tò, ẹ sì máa tọ́jú rìsíìtì símẹ́ǹtì, páànù, kànga, gbogbo rẹ̀.

Ní ti orúkọ: ẹ dá ẹgbẹ́ méjì sílẹ̀. Iṣẹ́ ti àkọ́kọ́ kò ju kó di ilẹ̀ mú lọ. Ẹ fi orúkọ àwọn alágbàtọ́ rẹ̀, ìyẹn àwọn tí yóò di ilẹ̀ mú lórúkọ gbogbo yín, sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ Part F òfin CAMA ti 2020 tó ń darí wọn. Ẹ máa polówó rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn méjì, ẹ máa fi ọjọ́ 28 sílẹ̀ bóyá ẹnì kan lè ta kò ó, lẹ́yìn náà ẹgbẹ́ yẹn á di ẹni tí òfin mọ̀, tó lè ní ilẹ̀, tó lè pe ẹjọ́, tí ikú ẹnì kankan kò sì lè pa á rẹ́. Èyí tó wù mí jù nínú òfin yìí ni pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò lè pín dúkìá rẹ̀ láàárín ara wọn. Kódà bí ẹgbẹ́ náà bá túká, ẹgbẹ́ mìíràn tó ní èròǹgbà kan náà ni dúkìá tó bá ṣẹ́kù máa lọ bá. Ẹ rí i pé ohun tí ẹ ń bẹ̀rù gan-an ni òfin ti dí ọ̀nà rẹ̀ yẹn.

Ẹgbẹ́ kejì ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Èèyàn mẹ́wàá ló kéré jù, mọ́kànlá sì lẹ̀yin. Òun ni ẹ máa fi dá owó jọ, tí ẹ máa fi ra òwú àti àbẹ́là lọ́pọ̀, tí ẹ máa fi pín èrè bó bá wà. Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹgbẹ́ tí à ń pín èrè nínú rẹ̀, ọjọ́ tí nǹkan bá le, àwọn kan á ní kí á ta ilẹ̀ kí á pín owó rẹ̀. Alájẹṣẹ́kù á máa san owó ilẹ̀ fún àwọn alágbàtọ́, ìyẹn náà ni wọn á fi san ìṣákọ́lẹ̀ tí wọn á sì fi tún ọ̀nà àti kànga ṣe.

Ìṣákọ́lẹ̀ yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ lọ́yà ẹgbẹ́ mi á ní kí ẹ rà á. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí. Ẹ gba lísì ọdún 99 lọ́wọ́ ẹbí náà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ìṣákọ́lẹ̀ kékeré sì wà nínú rẹ̀. Ẹbí tó ta ilẹ̀ ti ná owó rẹ̀ tán, ọmọ wọn tó dàgbà lẹ́yìn ọdún ogún kò jẹ nínú rẹ̀, òun ló sì máa wá dààmú yín. Ẹbí tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún mọ̀ pé ilẹ̀ ṣì jẹ́ tàwọn, orúkọ bàbá wọn ṣì wà lórí rẹ̀. Lábẹ́ àṣà wa, ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ tí kò sì sẹ́ onílẹ̀ kò ṣeé lé kúrò bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó bá la ẹnu pé òun ló ni ín ni ilẹ̀ máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ́ gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ní èyí.

Ta ni yóò fọwọ́ sí i? Olórí ẹbí nìkan kò tó. Bó bá dá fọwọ́ sí i, àwọn àgbà ẹbí lè lọ sí kóòtù kí wọ́n ní kí wọ́n fagi lé e. Bí àwọn yòókù bá sì fọwọ́ sí i láìsí olórí ẹbí, kò tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ rárá lójú òfin. Ẹ rí i pé ẹni tó ń ṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, lọ́kùnrin lóbìnrin, nítorí ọmọ obìnrin náà ń jogún nílẹ̀ wa. Àgbà yín tó jẹ́ ọmọ ẹbí náà, ẹ jẹ́ kó dúró sí apá kan ṣoṣo. Bó bá fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ọmọ onílẹ̀, kó má ṣe alágbàtọ́ tí yóò gba ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ gba àṣẹ ìjọba sí i, kí ẹ sì fi ìwé náà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ilẹ̀. Àdéhùn tí a jẹ obì sí nìkan kò tó mọ́ láyé òde òní.

Ará Atlanta kọ pé:

Ẹ kú àárọ̀ láti Amẹ́ríkà níbí, Màmá. Lórí owó tí ilé ìfowópamọ́ fẹ́ yá yín nìkan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀, nítorí ìtàn kan wà ní ìpínlẹ̀ Georgia tí mò ń gbé yìí tó yẹ kí ẹ gbọ́.

Ní 1969, àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò ní agbègbè Albany rí i pé bí àgbẹ̀ kan bá ti lọ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, onílẹ̀ aláwọ̀ funfun á lé e kúrò lórí oko. Charles Sherrod, Shirley Sherrod àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá New Communities sílẹ̀, wọ́n sì ra nǹkan bí éékà 5,700. Ẹgbẹ́ ló ni ilẹ̀, àwọn ìdílé á máa gbé e, wọ́n á sì máa dáko sí i, ẹnikẹ́ni ò ní lè tà á. Ọ̀dọ̀ wọn ni irú ẹgbẹ́ onílẹ̀ àjọni tí wọ́n ń dá káàkiri Amẹ́ríkà lónìí ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè ni wọ́n fi ra ilẹ̀ náà, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sì dúró fún gbèsè. Ọ̀dá dá. Wọ́n bẹ ìjọba fún ẹ̀yáwó pàjáwìrì tí àwọn àgbẹ̀ funfun ń rí gbà, ìjọba fi falẹ̀, ó fi dù wọ́n. Ní 1985, wọ́n pàdánù gbogbo ilẹ̀ náà. Ní 2009 ni wọ́n tó dá wọn láre pé ìyànjẹ ni, wọ́n sì san mílíọ̀nù 12 dọ́là fún wọn. Wọ́n fi ra éékà 1,638 nítòsí Albany ní 2011. Àwọn tó ti kú láàárín ọdún yẹn kò rí i.

Màmá, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ìwé ilẹ̀ dúró fún ẹ̀yáwó kankan, bó ti wù kí èlé rẹ̀ kéré tó. Bí ẹ bá nílò owó ìta iṣẹ́, kí alájẹṣẹ́kù yá a, kó fi òwú, ọjà tàbí ohun èlò dúró. Ohun tí ẹ kọ́ lè lọ, ilẹ̀ ò gbọdọ̀ lọ. Kí ẹ kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ alágbàtọ́ pé wọn ò lágbára láti fi ilẹ̀ ṣe ìdúró.

Ẹ̀kọ́ kejì: nínú ìgbìmọ̀ àwọn ẹgbẹ́ báyìí níbí, wọ́n sábà máa ń pín ìjókòó sí mẹ́ta. Ìdá kan jẹ́ ti àwọn tó ń lo ilẹ̀, ìdá kan jẹ́ ti àwọn aládùúgbò tí kò lò ó, ìdá kan jẹ́ ti àwọn tó ń wo ire ìlú. Bí ẹ bá ṣe é báyẹn, kò sí apá kan tó lè dá tà.

Bí ẹbí náà bá sì ta kú pé àfi kí ẹ rà á, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n so iye rẹ̀ mọ́ iye òní, kí ẹ máa lò ó títí tí ẹ ó fi kó owó rẹ̀ jọ. Ẹgbẹ́ kan wà ní San Francisco, CAST, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2013. Wọ́n ra ilé sílẹ̀ fún àwọn oníjó CounterPulse àti fún gálárì Luggage Store, wọ́n sì fún wọn ní ọ̀pọ̀ ọdún láti kó owó jọ kí àwọn fúnra wọn tó rà á, láìfi kún iye rẹ̀. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, owó ilé ń fò sókè ní gbogbo ìlú náà.

Ọmọ Ẹ̀gbá Peckham kọ pé:

Àǹtí mi, ẹ kú ìsapá. Aṣọ ni mo ń tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ọ̀rọ̀ yín sì wọ̀ mí lára. Níbí, bí àwọn ayàwòrán bá wọ àdúgbò tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ, wọ́n á tún un ṣe, ilé kọfí á tẹ̀lé wọn, owó ilé á gbéra, àwọn gan-an ni wọ́n á sì kọ́kọ́ lé. Bridget Riley àti Peter Sedgley, ayàwòrán méjì, dá SPACE sílẹ̀ ní 1968, ẹgbẹ́ tó ń wá ibi iṣẹ́ fún àwọn ayàwòrán; ilé ìkẹ́rù tó ṣófo ní St Katharine Docks ni wọ́n lò. Acme tẹ̀lé e ní 1972 pẹ̀lú àwọn ilé tí ìjọba ìlú ti fẹ́ wó. Iṣẹ́ ribiribi ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n yá wọn fún ìgbà díẹ̀, ìgbà díẹ̀ náà ló jẹ́. Ní 2014, ìwádìí tí ọ́fíìsì Méyọ̀ ṣe sọ pé nǹkan bí 3,500 ayàwòrán ló lè pàdánù ibi iṣẹ́ wọn láàárín ọdún márùn-ún. Ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi dá Creative Land Trust sílẹ̀ ní 2019, kó máa ra ilé sílẹ̀ pátápátá fún ibi iṣẹ́.

Nǹkan bí àádọ́ta ọdún ló gba ìlú yìí kó tó ti orí ìyá-lò bọ́ sórí níní. Ẹ̀yin ní ẹbí tó ń na ilẹ̀ sí yín lónìí. Ẹ má jẹ́ kí àríyànjiyàn inú ẹgbẹ́ jẹ́ kí ọwọ́ wọn rẹ̀ wálẹ̀.

Agbẹ́gilére Ìtòkú kọ pé:

Ìmọ̀ràn dáa, mo sì kí gbogbo yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ apá tó korò. Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Òfin lè dí ọ̀nà títa, àwọn alágbàtọ́ fúnra wọn ńkọ́? Mo ti rí ẹgbẹ́ tó ní ìwé CAC, tí alága àti akọ̀wé rẹ̀ jọ ta ilẹ̀ ìpàdé lẹ́yìn àwọn yòókù. Ọdún mẹ́fà ni ẹjọ́ ti wà ní kóòtù.

Ẹ sì rántí abúlé àwọn òṣèré àti ayàwòrán tó wà ní ọgbà National Theatre n'Íganmú. Ní oṣù kìíní 2016, wọ́n wó o. Èèyàn ti fi ibẹ̀ ṣe ibi iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ti kọ́ ọmọ níṣẹ́ níbẹ̀, àwòrán àti ère wà nínú ilé. Orí ilẹ̀ ìjọba ni wọ́n wà, pípẹ́ níbẹ̀ kò sì dúró fún ìwé.

Nítorí náà, Ìyá mi, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta yìí kún ti lọ́yà. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri ọgbà gàdàgbà pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà, kí ẹ fi orúkọ ẹbí àti ti ẹgbẹ́ sí i, kí oníjìbìtì má rí ẹni tàn. Ẹ fi ìwé gan-an sí bánkì, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹbí, lọ́wọ́ yín, àti ní ààfin Àtáọ́jà. Kí ẹ sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ ní gbangba lọ́jọ́ kan náà lọ́dọọdún, níwájú tọmọdé tàgbà ẹbí. Ẹ fi aṣọ àdìrẹ kan lé e fún olórí ẹbí. Ọmọ tó bá ń rí yín lọ́dọọdún láti kékeré, ó máa ṣòro fún un láti kó jàǹdùkú wá bá yín.

Aláró Òkè-Baálẹ̀ kọ pé:

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọlọ́run á tún tiyín ṣe. Mo tẹ gbogbo ohun tí ẹ kọ sí orí ìwé, mo sì kà á sétí àwọn tó wà lọ́gbà lánàá. A jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìtàn àwọn ará Georgia yẹn ló yí ọkàn àwọn tó fẹ́ ẹ̀yáwó padà. Ọ̀kan nínú àwọn ahunṣọ, tó jẹ́ pé òun ló fẹ́ pípín jù, ló béèrè pé ta ni yóò wá san owó ibi ìsẹ́ omi aró bí a ò bá yá owó. A ti fẹnu kò pé a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó kéré: kòtò mẹ́ta tí omi máa gbà kọjá nínú iyanrìn àti èédú, kí a sì dín kọ́sítíìkì kù, kí àwa tó mọ aró èlú padà sí i fún àwọn aṣọ tí wọ́n bá fẹ́ san owó rẹ̀. Inú mi dùn sí ìyẹn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì kò tíì fojú kan ìkòkò èlú tó ń hó rí.

Olórí ẹbí gbà lísì pẹ̀lú ìṣákọ́lẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ pé ó ṣeé kọ sínú ìwé lọ́yà, pé òun rò pé ayé ti kọjá rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹ́ títà kò tíì dáhùn, a máa fún wọn ní ìjókòó kan nínú ìgbìmọ̀.

Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò tíì sọ ti ẹni tó bá kú. Bí mo bá kú, tí ọmọ mi obìnrin sì ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìlọrin, ṣé ìta tí mo kọ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Lọ́yà Dúgbẹ̀ kọ pé:

Ẹ máa pẹ́ fún wa, Màmá. Kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kọ ọ́ pé ẹni kọ̀ọ̀kan ló ni ohun tó fi owó rẹ̀ kọ́: ìta, ààrò, ìkòkò. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ni kò ní. Bí ẹnì kan bá kú tàbí tó kó lọ, ọmọ rẹ̀ tó bá ń ṣe iṣẹ́ náà ló kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ sí àyè yẹn. Bí kò bá sí, kí ẹgbẹ́ san owó ohun tí wọ́n kọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ní iye tí yóò ná èèyàn láti kọ́ irú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ yọ ti ogbó kúrò. Kò gbọdọ̀ sí kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ fún pé ilẹ̀ ọ̀nà Ìkìrun ti wọ́n. Bí ẹ bá fi owó ilẹ̀ kún un nígbà kan, ọ̀dọ́ ahunṣọ tó máa tẹ̀lé yín kò ní lè wọlé mọ́, ẹni tó máa lè wọlé ni olówó. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí ẹ le koko jù.

Nọ́ọ̀sì yín á gba owó rẹ̀ n'Ílọrin, ìkòkò á sì bọ́ sọ́wọ́ aláró mìíràn.

Aláró Òkè-Baálẹ̀ kọ pé:

Ó yé mi, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Màá sọ fún ọmọ mi fúnra mi kó tó kà á nínú ìwé.

Sọ́fè ló kù báyìí. Ẹbí ní àwọn mọ ààlà ilẹ̀ náà láti ibi igi ìrókò kan dé etí odò, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń gbìn kòkó wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá mọ sọ́fiyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ l'Óṣogbo, tí yóò gbà kí á san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó jọ̀ọ́ kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀. A fẹ́ kí wọ́n ri òpó ààlà kí òjò tó dé, kí a sì fi àpò símẹ́ǹtì tí a ti rà mọ ògiri ìta àkọ́kọ́, ti àwọn ahunṣọ, nítorí àwọn ni wọn ò lè ṣiṣẹ́ nínú òjò.